Mo fẹ́ fi ilé iṣẹ́ lọ́yà l'Ékòó sílẹ̀ lọ ṣe agbẹjọ́rò ìjọba nípìńlẹ̀ wa. Ṣé orí mi pé?

ỌmọÒkèÒgùn:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin lọ́yà tó wà níbí ni mò ń bá wí jù, àmọ́ ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó dá sí i.

Ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn ni mo ti wá. Gàárì ni ìyá mi ń yan tà, bàbá mi ń gbin iṣu àti kaṣú. Kóòtù kan ṣoṣo tí mo fojú rí kí n tó wọ yunifásítì ni ti ìbílẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní kọ́kọ́-kọ́kọ́. Nígbà tí ẹnì kan fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, Ìbàdàn la ti lọ wá lọ́yà. Ó gbowó, ó wá lẹ́ẹ̀kan, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tì mí dé ìdí òfin, mi ò ní purọ́.

Mo ka ọdún márùn-ún, mo lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ní Bwari, wọ́n pè mí sí iṣẹ́ lọ́yà, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo wá bọ́ sí Èkó. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ mi ò ju kí n gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá lọ sí kóòtù, kí n dìde sọ fún adájọ́ pé ọ̀gá wà lójú ọ̀nà, kí n tọrọ ọjọ́ mìíràn. Owó oṣù mi kò ṣe é sọ létí èèyàn. Danfó ló ń jẹ ìdajì rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ wa ti wá fún mi ní lẹ́tà báyìí. Ọ̀gá mi ní lọ́yà tó bá wọ iṣẹ́ ọba ti fi wíìgì rẹ̀ kọ́ ìṣó nìyẹn. Ìyá mi ń jó, ó ní owó ìfẹ̀yìntì ti dé. Àbúrò bàbá mi ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ó ní kí n gbà á, kí n fi ṣe ọ̀nà dé ìdí òṣèlú. Ó ní ṣebí ọmọ ìlú kékeré ni Awólọ́wọ̀, ṣebí lọ́yà ni, ọdún mélòó ló lò kó tó di olórí ìjọba?

Ẹ gbà mí o. Kí ni kí n ṣe?

DanfóKòDúró:

Gba iṣẹ́ o jàre, àbúrò. Owó oṣù tí ọ̀gá kan ò lè fi ìbínú dá dúró, ìsinmi ọdọọdún, o tún sún mọ́ ìyá rẹ. Kí lo tún ń wá?

ỌmọRẹ́mọ:

Bá mi kí àbúrò bàbá rẹ, kí o sì sọ fún un pé ìtàn tó sọ yẹn kò pé. Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Awólọ́wọ̀ gan-an, ni wọ́n bí mi sí, wọn ò lè fi Awólọ́wọ̀ tàn mí.

Ọdún 1909 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tó tún máa ń la pákó, kú ní 1920. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni òun nígbà náà. Látìgbà náà ló ti ń pọnmi fún oní-ń-pọn, tó ń ṣẹ́gi, kó lè rówó ilé-ìwé san l'Ábẹ́òkúta. Ó lọ sí Wesley College n'Íbàdàn, ó ṣe tíṣà, ó kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn ní Daily Times, ó ra kòkó, ó kó ọkọ̀ akẹ́rù sójú títì. Òwò yẹn forí ṣánpọ́n, gbèsè sì gbá a mú. Inú gbogbo wàhálà yìí ló ti ń kàwé láti ilé fún oyè ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbà á ní 1944. Ọdún yẹn náà ló tó wọkọ̀ ojú omi lọ ka òfin. Ta ló wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ? Dídeolú ìyàwó rẹ̀ ni, ó ń tajà.

Oṣù kọkànlá 1946 ni wọ́n pè é sí iṣẹ́ lọ́yà ní Inner Temple, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Èwo ni ọ̀dọ́ lọ́yà níbẹ̀?

Nígbà tó dé, kò sáré wọ ìjọba. Ó dá ilé iṣẹ́ lọ́yà tirẹ̀ sílẹ̀ n'Íbàdàn, ó gbẹjọ́, ó sì rówó níbẹ̀. Ní 1951 wọ́n gbé ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group jáde, ní 1952 ó wọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ipò wo ló dì mú yàtọ̀ sí pé ó ń darí àwọn mínísítà yòókù? Ìjọba ìbílẹ̀! Òun ni mínísítà tó ń rí sí kánsù, owó orí, ọjà àti ọ̀nà inú ìlú. Èmi gbà pé ibẹ̀ ló ti fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn ìlú bíi Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ń jẹ, tí wọ́n ń mu. Ọdún 1954 ló tó di Pírẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Tí a bá kà á láti ìgbà tó ń ṣẹ́gi, ó lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àbúrò bàbá rẹ mú wíìgì nínú ìtàn náà, ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

DanfóKòDúró:

Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú kékeré ni ṣá o, ẹ̀gbọ́n. Ibi tí bàbá yẹn ń lọ nìyẹn.

ỌmọRẹ́mọ:

N kò jiyàn ìyẹn.

Ìyálọ́yà_Ẹ̀gbá:

Ọkùnrin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n dárúkọ ṣá.

Stella Thomas ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1933. Ní 1943 ó di májísíréètì, òun náà lẹ tún ń pè ní iṣẹ́ ọba. Ẹ wo Olóyè Fọlákẹ́ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta níbí. Látìnì àti ìṣirò ló kọ́kọ́ kà ní Durham, tíṣà ni kó tó ka òfin. Ìjọba ológun fi í ṣe kọmíṣọ́nà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1972. Ó ṣe é tán, ó padà sídìí iṣẹ́ lọ́yà rẹ̀, nígbà tó sì di 1981 òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè SAN, oyè ńlá tí wọ́n ń fi dá lọ́yà tó ta yọ lọ́lá, ní Nàìjíríà. Kí ọ̀gá rẹ wá sọ fún mi, èwo ni wíìgì tó wà lára ìṣó níbẹ̀?

Ohun kejì, ẹ má fi òṣèlú pe iṣẹ́ ọba. Kọmíṣọ́nà, gómìnà ló ń yàn án, gómìnà ló ń yọ ọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, gómìnà á lọ, òun á wà níbẹ̀. Bí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn tí o fẹ́ dupò, Ìwé Òfin 1999 ní o gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Ọjọ́ orí sì kọ́ ni ìṣòro mọ́: látìgbà tí wọ́n ti tún òfin ṣe ní 2018, ẹni ọdún 25 lè lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Tó bá jẹ́ ipò ni àbúrò bàbá rẹ ń wá fún ọ, kò nílò kó gba ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba kọjá. Kó lọ ra fọ́ọ̀mù.

FáìlìOlókùn:

Ọ̀rọ̀ tó kàn mí nìyí. Inú iṣẹ́ yìí ni mo wà, mi ò ní sọ ìpínlẹ̀ tí mo wà.

Àbúrò, jẹ́ kí n sọ ohun tí wàá máa ṣe, torí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ Pírẹ́míà àti SAN, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ fáìlì.

Ọlọ́pàá á mú èèyàn, wọ́n á gbé e lọ síwájú májísíréètì. Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn ńlá, bí ìdigunjalè tàbí ìpànìyàn, májísíréètì ò ní agbára láti gbọ́ ọ. Á ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, kí ọlọ́pàá fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn tó ń pẹjọ́ fún ìjọba. DPP á pín in. Ìwọ lo máa kà á, ìwọ lo máa kọ ìmọ̀ràn pé ẹ̀sùn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 ní ọjọ́ 14 ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi dá ẹni náà dúró, kí wọ́n tó tún padà wá tọrọ àfikún. Bí fáìlì ò bá dé ńkọ́? Wọ́n á ṣáà máa fi kún un ni. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tí adájọ́ kankan ò tíì dá lẹ́bi. Èèyàn á rò pé adájọ́ ló fà á. Fáìlì ló fà á, lọ́pọ̀ ìgbà.

Fáìlì kan dé ọwọ́ mi nígbà òjò kan. Okùn ni wọ́n fi dì í, ikán ti jẹ etí ìwé ẹ̀yìn. Ọlọ́kadà kan àtàwọn méjì mìíràn, ìdigunjalè. Ọlọ́pàá ní ọlọ́kadà náà ló gbé àwọn olè wá, òun sì ni wọ́n rí mú, torí kò sá. Mo ka ọ̀rọ̀ tí olóko-òwò tí wọ́n jà lólè sọ, ìwé àkọ́kọ́, ìwé kejì, kò sí nǹkan. Ìwé kẹta ni ẹnì kan ti ká lẹ́yìn, ó lẹ̀ mọ́ páálí fáìlì. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti sọ ọ́ kedere pé àwọn olè ti ọlọ́kadà náà ṣubú, pé wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀, pé òun àti ẹ̀ jọ ń pariwo "olè" ni. Ohun tí mo kọ kò kún ojú ìwé kan: kò sí ẹ̀sùn tó ní láti dáhùn sí. Ó ti jẹ Iléyá méjì ní àtìmọ́lé.

Ìyá rẹ̀ wá dúpẹ́. Mẹ́sẹ́ńjà wa ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà, òun ni ìyá kúnlẹ̀ fún, ó rò pé òun ni lọ́yà. A ò sọ fún un. Mẹ́sẹ́ńjà gba àdúrà náà tán pátápátá, títí kan èyí tó jẹ mọ́ ọmọ bíbí.

Ibi tó dun nìyẹn. Ibi tó korò náà wà: owó ara rẹ lo máa fi ra ìwé títẹ̀ nígbà mìíràn, ọkọ̀ ìjọba lè má gbé ọ dé kóòtù tó jìn, ẹlẹ́rìí ọlọ́pàá á ti gba ìgbéga lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́jọ́ tí o nílò rẹ̀, ìgbéga tìẹ náà lè falẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó wà nílé iṣẹ́ lọ́yà ṣì ń tọrọ ọjọ́ fún ọ̀gá nígbà tí èmi ti ń dìde níwájú adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga, tí mò ń bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè fúnra mi. Kò sẹ́ni tó máa fi èyí hàn ọ́ l'Ékòó láìpẹ́.

OǹdóKòGbà:

Ẹ̀yin ẹ ti fẹ́ fi ọmọ yìí sínú àpò ìjọba. Èmi ò bá yín sí i.

Gani Fáwẹ̀hínmi, ọmọ Oǹdó, 1938 ni wọ́n bí i, 1965 ni wọ́n pè é sí iṣẹ́. Ipò ìjọba wo ló gbà? Kò gba ìkankan. Ìjọba ló ń gbé e sí àtìmọ́lé, tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ ó tún di kóòtù. Òun ló sì dá ìwé ìdájọ́ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí gbogbo yín ń tọ́ka sí ní kóòtù títí di òní sílẹ̀ ní 1985, ẹ̀yin agbẹjọ́rò ìjọba pàápàá. Iṣẹ́ aráàlú ni gbogbo ìyẹn. Kò gbowó oṣù ìjọba ṣe é.

Lọ́jọ́ tí ìjọba bá wó ìsọ̀ àwọn ìyá alátẹ láìsan kọ́bọ̀, agbẹjọ́rò ìjọba ló máa dìde sọ fún adájọ́ pé ó tọ̀nà. Mo ti wà nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró fún ìjọba ò lè wo apá ibi tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn jókòó sí. Bí ó bá jẹ́ ìyá tìẹ tó ń ta gàárì ńkọ́, ỌmọÒkèÒgùn?

FáìlìOlókùn:

Òótọ́ ni o sọ, mi ò ní bò ó. Nǹkan mìíràn tún wà tí o ò mẹ́nu bà: kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́, tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀, ní agbára lábẹ́ abala 211 Ìwé Òfin láti fòpin sí ẹjọ́ ọ̀daràn èyíkéyìí tí ìpínlẹ̀ bá ń ṣe, nígbàkigbà kí ìdájọ́ tó wáyé. Òfin ní kó ro ire aráàlú mọ́ ọn. Bí o bá ti fi oṣù púpọ̀ kó ẹlẹ́rìí jọ, tí ìwé kan sì ti òkè wá pé kí o jáwọ́, wàá jáwọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. N ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó láàánú lójú ló sá kúrò ní ọ́fíìsì wa, irú ẹni wo lẹ fẹ́ kó ka fáìlì ọlọ́kadà yẹn? Ẹ bi ara yín wò.

OǹdóKòGbà:

Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ kó tó wọlé, kó má jẹ́ pé inú ilé ló ti máa mọ̀.

ỌmọÒkèÒgùn:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n FáìlìOlókùn, mo ka ti yín fún ẹni tá a jọ ń gbé, òun náà dákẹ́.

Mo ní ìbéèrè kan. Ṣé mo ṣì lè máa gba iṣẹ́ kéékèèké lọ́jọ́ Sátidé? Àdéhùn ilé, ìwé ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú wa, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kúnwó díẹ̀ á ran ìyá mi lọ́wọ́.

Ìyálọ́yà_Ẹ̀gbá:

Rárá, ọmọ mi. Má tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Àfikún karùn-ún Ìwé Òfin 1999, níbi ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba, sọ pé ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní kíkún kò gbọ́dọ̀ máa ṣe òwò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́yà ìjọba tó bá ń gba ẹjọ́ abẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ ni wọ́n máa rántí.

Ohun kan ṣoṣo ni òfin yọ sílẹ̀: iṣẹ́ àgbẹ̀.

DanfóKòDúró:

Hẹ̀ẹ̀! Kaṣú bàbá rẹ di owó nìyẹn. Lọ́yà oníkaṣú, ẹ kú oko o, sà!

Ìrànwọ́Òfin:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà mìíràn sí i, torí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé méjì péré ló wà.

Àjọ Legal Aid, tó ń fún aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, ti wà láti 1976. Àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ ti ìjọba ni òfin rẹ̀ dìídì wà fún, owó yẹn sì ti di ₦70,000 láti 2024. Èyí tó bá fẹ́ràn apá olùjẹ́jọ́ ju apá olùpẹjọ́ lọ, ibẹ̀ ni kó wò. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ́fíìsì tirẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí láti 2000. Ìjọba náà ló ń sanwó oṣù níbẹ̀, àmọ́ ìwọ àti ẹni tí ìjọba mú lẹ jọ wà. Ìyẹn lè pa OǹdóKòGbà lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tí o jẹ́ àgùnbánirọ̀, o ò bá ẹgbẹ́ Legal Aid lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n rí ni?

ỌmọÒkèÒgùn:

Mo lọ, sà. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé béèlì lè wà kí oníduùró má sí. Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ti fún ní béèlì, ẹni tó ní ilé láàárín ìlú ni wọ́n ní kó wá dúró fún un. Ta ló mọ onílé? Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo sìnrú ìlú tán. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo rí i pé kò sí bí iṣẹ́ tí mò ń ṣe l'Ékòó yìí ṣe máa kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ láéláé.

Akọ̀wéKóòtù_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì:

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. Ọ̀rọ̀ kan péré. Láti di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga, ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ ti pé lẹ́yìn tí wọ́n pè ọ́ sí iṣẹ́. Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ náà, bákan náà. Ọjọ́ ìpè yẹn ni wọ́n ń kà, ì báà jẹ́ ìjọba lo bá ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ ara rẹ. Nígbà ayé wa, ọ̀pọ̀ májísíréètì tí mo jókòó sábẹ́ wọn, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ni wọ́n ti wá. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá pàápàá, tó di adájọ́ àgbà Nàìjíríà ní 1958, ó ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba lẹ́yìn tí wọ́n pè é ní 1934, ó ṣe májísíréètì ní 1939, ó tó di adájọ́ ní 1949.

DanfóKòDúró:

Ọmọ Aláké nìyẹn o, bàbá. Ọmọ oníkaṣú là ń sọ.

Akọ̀wéKóòtù_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì:

Ọmọ Aláké náà jókòó sí kóòtù májísíréètì fún ọdún mẹ́wàá. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn.

ỌmọÒkèÒgùn:

Ẹ kú làálàá o. Mo ti kọ̀wé fún ọ̀gá mi pé mò ń lọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n padà wá nígbàkigbà tí ojú mi bá là. Mo sọ fún àbúrò bàbá mi nípa ọgbọ̀n ọjọ́ àti fọ́ọ̀mù, kò tíì dá mi lóhùn látàná.

Ẹ jọ̀ọ́, owó ọdọọdún tí à ń san kí á lè máa ṣiṣẹ́ lọ́yà, ṣé èmi ni mo ṣì máa san án àbí ìjọba? Wọ́n sì ní kí n kó ojúlówó àwọn ìwé-ẹ̀rí mi wá. Ṣé kí n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn?

FáìlìOlókùn:

San án fúnra rẹ kó tó di March 31, má dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń dá a padà fún òṣìṣẹ́ wọn, àwọn mìíràn ò ráyè ẹ. Tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

Ojúlówó, kí wọ́n wò ó níṣojú rẹ, kí o gbà á padà kí o tó dìde. Ẹ̀dà ni kí o fi sílẹ̀. Kí o sì ya ẹ̀dà púpọ̀ láti ilé, ẹ̀rọ tí a fi ń ya ìwé ní ọ́fíìsì wa ti bàjẹ́ látọdún tó kọjá.